Gálọ́ọ̀nù Èkó àti Tọ́ọ̀nù Liverpool: Òṣùwọ̀n Epo Pupa gẹ́gẹ́ bí Ìṣòro nínú Ìtàn Òwò Ilẹ̀ Yorùbá, 1850–1900

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Epo pupa tí ó ti Èkó lọ sí òkè òkun ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní àkọsílẹ̀ méjì. Ní Èkó, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà ní 1861, iye gálọ́ọ̀nù epo tí ó jáde ni ìjọba ń kọ sínú Blue Book rẹ̀ lọ́dọọdún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí àwọn aṣọ́bodè ń kọ sílẹ̀ ni bí epo náà ti wúwo tó lórí ìwọ̀n, ní tọ́ọ̀nù àti ní ìdá ogún tọ́ọ̀nù, tí ó jẹ́ 112 pọ́ùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ to àkọsílẹ̀ kan mọ́ èkejì gbọ́dọ̀ yí gálọ́ọ̀nù padà sí tọ́ọ̀nù. Ibi yíyí padà yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sáré kọjá. A óò mú iye kan láti inú ìwé kan, a óò fi pín iye gálọ́ọ̀nù tí ó wà nínú ìwé mìíràn, a óò sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ni pé kò sí iye kan ṣoṣo tí a lè fi yí gálọ́ọ̀nù epo padà sí tọ́ọ̀nù fún gbogbo àádọ́ta ọdún tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Bí a bá yan iye tí kò bá àkọsílẹ̀ mu, àṣìṣe tí yóò ti ibẹ̀ wá pọ̀ tó èyí tí ó lè mú kí òwò dá lórí ìwé ní ọdún tí kò dá lọ́jà. Ọ̀rọ̀ ogun, ọ̀rọ̀ dídí ojú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ohun tí ìjọba àjèjì ṣe fún òwò tàbí ohun tí ó ṣe sí i, gbogbo rẹ̀ ni a ń fi iye tọ́ọ̀nù gbè lẹ́sẹ̀. Ó yẹ kí a mọ bí a ti ṣe dé ibi iye náà.

Kì í ṣe pé a fẹ́ sọ pé àwọn àgbà tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí òwò yìí kò ṣe é dáadáa. Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dike ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí òwò àti ìṣèlú ní ẹnu odò Ọya jáde ní 1956, títí dé ìgbà tí Hopkins gbé ìwé rẹ̀ lórí ọrọ̀ ajé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde ní 1973, àti Lynn ti òwò epo ní 1997, tọ́ọ̀nù ni a fi ń díwọ̀n bí òwò náà ti ń dàgbà. A mọ̀ pé nǹkan bí 1,000 tọ́ọ̀nù epo ni ó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1810, pé ó ti ju 10,000 lọ ní 1830, àti pé ó ju 30,000 lọ ní àárín àwọn ọdún 1850. Àwọn iye wọ̀nyí kò ní wàhálà, nítorí pé ní èbúté ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni a ti gbé epo náà ka orí ìwọ̀n. Ìgbà tí a bá fẹ́ mọ iye tí ó jẹ́ ti Èkó nínú rẹ̀, tí a sì lọ ṣí ìwé Èkó fúnra rẹ̀, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

2. Ohun tí ó so òṣùwọ̀n mọ́ ìwúwo

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé ẹbu epo rí ti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí gbogbo ìṣirò yìí dá lé. Àwọn obìnrin a se ẹyìn, wọn a gún un tàbí kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọn a da omi sí i, wọn a sì máa pò ó títí epo yóò fi gòkè, tí omi yóò wà nísàlẹ̀. Èyí tí ó léfòó ni wọ́n ń gbọ́n kúrò, tí wọ́n sì ń sè. Ohun tí ó gbé epo gòkè ni pé igbá epo kan fúyẹ́ ju igbá omi kan lọ, bí igbá méjèèjì tilẹ̀ dọ́gba. Àwọn onímọ̀ físíìsì ń pe èyí ní dẹ́ńsítì. Nínú iṣẹ́ yìí a óò máa pè é ní ìwúwo-òṣùwọ̀n, èyí ni pé, bí òṣùwọ̀n kan nínú nǹkan náà ti wúwo tó. A mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún ọ̀rọ̀ náà ìki, nítorí pé epo ki ju omi lọ síbẹ̀ ó fúyẹ́ jù ú, bẹ́ẹ̀ ni oyin ki, ó sì tún wúwo. Ẹni tí ó bá jiyàn, kí ó bi ẹni tí ń ru oyin lọ sọ́jà.

Ìlànà ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Bí a bá mọ iye òṣùwọ̀n, tí a sì mọ bí òṣùwọ̀n kan ti wúwo tó, kí a sọ ọ̀kan di ìlọ́po èkejì, ìwúwo gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ìwúwo ni a mọ̀, a óò fi ìwúwo-òṣùwọ̀n pín in, a óò sì rí iye òṣùwọ̀n. Gbogbo ìjà inú rẹ̀ wà nínú ìbéèrè méjì: irú òṣùwọ̀n wo ni, kí sì ni òṣùwọ̀n kan nínú epo náà wúwo tó ní ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n?

Gálọ́ọ̀nù tí a mọ̀ lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti ara ìwúwo jáde. Òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe ní 1824, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1826, sọ pé gálọ́ọ̀nù kan ni àyè tí omi mímọ́ tí ó wúwo tó 10 pọ́ùn gbà, nígbà tí ooru omi náà wà ní 62 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Wọ́n ka àyè náà sí íńsì onígun mẹ́rin gbọọrọ 277.274. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wọn omi ní gálọ́ọ̀nù wọ̀nyí kò ní wàhálà kankan: gálọ́ọ̀nù kan, 10 pọ́ùn. Ṣùgbọ́n kí òfin yìí tó dé, gálọ́ọ̀nù mìíràn wà tí wọ́n fi ń wọn ọtí wáìnì. Ayé Ọbabìnrin Anne, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni òfin ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní íńsì 231 péré. Gálọ́ọ̀nù yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà gbé lọ sí ilé wọn, òun ni wọ́n sì ń lò títí di òní. Òun náà ni òwò epo etí òkun ilẹ̀ wa bá láyé, nítorí pé òwò náà ti bẹ̀rẹ̀ kí 1824 tó dé.

Tọ́ọ̀nù pàápàá ní ìtàn tí ó jọ èyí. Orúkọ agbá ńlá ni ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, agbá wáìnì tí ó gba 252 gálọ́ọ̀nù àtijọ́. Omi tí ó kún irú agbá bẹ́ẹ̀ yóò wúwo tó nǹkan bí 2,100 pọ́ùn, kò sì jìnnà púpọ̀ sí 2,240 pọ́ùn tí ó di tọ́ọ̀nù àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbẹ̀yìn. Òṣùwọ̀n àti ìwúwo ti ń jẹ́ orúkọ kan náà tipẹ́, kì í sì í ṣe ìyanu bí àwọn oníṣòwò àtijọ́ kò bá ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì nínú ìwé wọn.

3. Gálọ́ọ̀nù wo?

Ẹ jẹ́ kí a mú ìṣirò náà wá sí orí epo. Epo pupa tí ó mọ́, ní irú òtútù tí ó wà ní èbúté Liverpool, wúwo tó nǹkan bí ìdá 92 nínú 100 ìwúwo omi. Gálọ́ọ̀nù ti òfin 1824 kan nínú rẹ̀ yóò wúwo tó 9.2 pọ́ùn. Bí a bá fi èyí pín 2,240, a óò rí i pé nǹkan bí 243 gálọ́ọ̀nù ààbọ̀ ni ó wọ tọ́ọ̀nù kan. Gálọ́ọ̀nù wáìnì àtijọ́ kéré sí i. Epo tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju 7.66 pọ́ùn lọ, nítorí náà nǹkan bí 292 ni yóò wọ tọ́ọ̀nù. Ẹni tí ó bá ka 300 gálọ́ọ̀nù sí tọ́ọ̀nù kan, kí ìṣirò lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò jìnnà sí òótọ́ bí ó bá jẹ́ gálọ́ọ̀nù àtijọ́ ni ó ní lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ gálọ́ọ̀nù ti 1824 ni, ó ti ṣìnà pátápátá.

Ẹ wo 1,000 gálọ́ọ̀nù epo. Bí ó bá jẹ́ gálọ́ọ̀nù òfin, tí a sì ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 9.2 pọ́ùn, tọ́ọ̀nù 4.11 ni. Bí ó bá jẹ́ gálọ́ọ̀nù wáìnì, 3.42 ni. Bí a bá fi 300 pín in láìbéèrè irú gálọ́ọ̀nù tí ó jẹ́, 3.33 ni yóò jáde. Bí a bá sì ṣèèṣì ka epo sí omi, ní 10 pọ́ùn sí gálọ́ọ̀nù, yóò di 4.46. Epo kan náà ni o, agbá kan náà, ìwé kan náà. Láàárín iye tí ó kéré jù àti èyí tí ó pọ̀ jù, ó lé ní tọ́ọ̀nù kan tí kò sí níbì kankan àfi nínú orí oníṣirò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ìtàn ilẹ̀ Yorùbá gan-an nìyí. Láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìbọn ọkọ̀ ogun lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní òpin 1851 títí di 1861, kọ́ńsù ni ó ń ṣojú wọn ní Èkó. Benjamin Campbell ni ó di ipò náà mú láti 1853 títí ó fi kú ní 1859. Nínú àwọn ìjábọ̀ kọ́ńsù, tọ́ọ̀nù ni ọ̀rọ̀ epo. Nígbà tí Dòsùmú fi ọwọ́ sí ìwé ní oṣù kẹjọ 1861, tí Èkó di ilẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àkọsílẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ó sì di gálọ́ọ̀nù. Ogun Ìjàyè sì nìyí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1860 tí ó sì parí ní 1862, tí Ìbàdàn àti Ìjàyè dojú kọ ara wọn, tí àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, tí ọ̀nà òkè sì di ohun tí a ń ṣí tí a ń tì. Ogun, ìjọba tuntun, àti òṣùwọ̀n tuntun: láàárín ọdún mẹ́ta ni gbogbo wọn dé.

Ká sọ pé, fún àpẹẹrẹ lásán, 1,200,000 gálọ́ọ̀nù ni a rí nínú ìwé ìjọba fún ọdún kan lẹ́yìn 1861. Bí a bá fi 300 pín in, 4,000 tọ́ọ̀nù ni. Bí a bá fi 243 ààbọ̀ pín in, ó lé ní 4,900. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà àkọ́kọ́, tí ó sì gbé iye rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tọ́ọ̀nù tí kọ́ńsù kọ ṣáájú ogun, yóò rí i pé òwò ti fi ìdá 19 nínú 100 rẹlẹ̀. Yóò wá ìdí rẹ̀. Kò ní pẹ́ rí i: ogun Ìjàyè ni ó fà á. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìjọba tuntun ni ó dẹ́rù ba àwọn oníṣòwò. Àwáwí méjèèjì bọ́gbọ́n mu, ogun náà sì dí òwò lọ́wọ́ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdá 19 yìí kì í ṣe ti ogun, kì í sì í ṣe ti ìjọba. Ohun tí ogun fà kúrò nínú òwò ni ohun tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ àṣìṣe òṣùwọ̀n kúrò. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ó ti mọ̀ ọ́n kí ó tó ṣe èyí.

Ọgbọ́n kan náà ni kí a lò fún àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ń ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Àǹfààní tí a ní níbẹ̀ ni pé gálọ́ọ̀nù ni ìwé Èkó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òwò lọ sókè tàbí sílẹ̀ kò nílò láti yí ohunkóhun padà. Kí ó fi gálọ́ọ̀nù wé gálọ́ọ̀nù, kí ó sì fi tọ́ọ̀nù sílẹ̀ níbi tí ó wà.

4. Ooru àti omi

Títí di ibi tí a dé yìí, a ti sọ̀rọ̀ bí ẹni pé 9.2 pọ́ùn kò lè yẹ̀. Ó lè yẹ̀. Epo a máa fẹ̀ bí ó bá gbóná, a sì máa sún kì bí ó bá tutù, omi kì í sì í fẹ̀ tó o. Ìlànà tí ó wà fún epo pupa lágbàáyé lónìí, èyí tí ìgbìmọ̀ Codex Alimentarius gbé kalẹ̀, fi ìwúwo-òṣùwọ̀n rẹ̀ sí àárín 0.891 àti 0.899 ti omi, nígbà tí epo náà wà ní 50°C. Bí ooru bá fi 10 rẹlẹ̀, iye náà a máa fi nǹkan bí 0.007 gòkè. Nípa bẹ́ẹ̀, gálọ́ọ̀nù kan nínú epo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná sọ̀kalẹ̀, tí ó rọlẹ̀ dé 50°C, wúwo tó 8.95 pọ́ùn, ní 30°C, èyí tí í ṣe ooru ọjọ́ gbogbo ní Èkó, ó tó 9.1, ní Liverpool, níbi tí epo ti ń dì mọ́ra, ó di 9.2.

Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé agbá kan lọ. Àṣà àwọn ilé òwò ni láti tún epo sè kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú agbá. Bí wọ́n bá rọ 1,000 gálọ́ọ̀nù epo sínú àwọn agbá ní 50°C, 8,950 pọ́ùn ni wọ́n rọ. Nígbà tí epo yìí bá dé òtútù Liverpool, kò ní ju 973 gálọ́ọ̀nù lọ. Gálọ́ọ̀nù 27 ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kán kan kò jò. Ẹni tí ó bá ń fi òṣùwọ̀n ka ẹrù yóò ní agbá ń jò, tàbí pé àwọn atukọ̀ jí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ìwọ̀n ka ẹrù kò ní rí àdánù kankan. Agbá a máa jò lóòótọ́ lójú omi, a kò sẹ́ èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo epo tí ó dín ni ó jò.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó wá le jù. Ní gbogbo ìgbà òwò yìí ni àwọn òyìnbó oníṣòwò ń pariwo pé àwọn tí ń ta epo ń bu omi lù ú, ẹ̀sùn náà sì pọ̀ sí i nígbà tí owó epo já wálẹ̀. A kò ní gbèjà ẹnikẹ́ni níhìn-ín. Ohun tí ó kàn wá ni bóyá àkọsílẹ̀ ìwúwo lè tú àṣírí omi náà fún wa. Ẹni tí kò bá farabalẹ̀ lè rò pé ó lè ṣe é: omi wúwo ju epo lọ, nítorí náà kí a wọ̀n ọ́n wò, èyí tí ó bá wúwo jù ni omi wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Mú gálọ́ọ̀nù epo ní 30°C, kí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ omi. Ìdá mẹ́sàn-án epo yóò wúwo tó 8.19 pọ́ùn, ìdá kan omi yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1 pọ́ùn, àpapọ̀ wọn yóò sì súnmọ́ 9.2. Iye yìí gan-an ni ti gálọ́ọ̀nù epo mímọ́ ní Liverpool.

Ohun tí èyí sọ ni pé epo tí a bu omi lù ní Èkó àti epo mímọ́ ní ilẹ̀ òtútù lè jọ ara wọn délẹ̀ lórí ìwọ̀n. Bí a bá ju ohun èlò tí ń léfòó sínú wọn láti fi mọ ìwúwo-òṣùwọ̀n, ibi kan náà ni yóò rì dé nínú méjèèjì, àyàfi bí a bá kọ́kọ́ mú ooru wọn dọ́gba. Iná nìkan ni ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀: kí a sè é títí omi yóò fi hó kúrò, kí a sì tún un wọ̀n. Nítorí náà ni a fi gbà pé ìkòkò ńlá tí ó wà nínú ọgbà ilé òwò kì í ṣe fún ìmọ́tótó epo nìkan. Ìwọ̀n ni òun náà. Lójú tiwa, ẹni tí ó ń se epo lábẹ́ àtíbàbà ní etí ọ̀sà mọ iye epo tí ó wà ju akọ̀wé tí ó jókòó ti ìwé lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí akọ̀wé ìtàn gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Tọ́ọ̀nù tí a kọ sílẹ̀ ní Liverpool ní omi díẹ̀ nínú, ó sì ní ìdọ̀tí díẹ̀. Kò sí ìṣirò tí a lè fi yọ wọ́n. Epo tí ó ti Èkó lọ ní orúkọ rere ní ọjà náà, ó sì rọ̀ ju epo líle tí ó ń ti àwọn ibòmíràn wá. Iye tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni wọ́n sì ń pè é. A lè retí pé èérí inú rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àwọn yòókù. Bí a bá sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ti ń dá iye sílẹ̀ fúnra wa.

5. Ta ni ìyàtọ̀ náà bọ́ sí lọ́wọ́?

Ìbéèrè yìí ni ó mú wa dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí. Obìnrin tí ó gbé epo rẹ̀ nínú ìkòkò láti Ìkòròdú tàbí láti Ẹ̀pẹ́ gba orí ọ̀sà wá, tàbí alájàpá tí ó kó o gba odò Ògùn wálẹ̀ láti Abẹ́òkúta, òṣùwọ̀n ni ó fi tà. Bí òṣùwọ̀n bá kún, owó rẹ̀ pé. Kò sí ohun tí ó kàn án nípa pọ́ùn. Ilé òwò tí ó rà á yóò tà á ní tọ́ọ̀nù. Ẹni tí ó mọ iye gálọ́ọ̀nù tí ó wọ tọ́ọ̀nù kan ni ó dúró láàárín òṣùwọ̀n àti ìwọ̀n, ibẹ̀ ni èrè kan sì wà tí kò hàn nínú iye owó tí a ń kéde ní ọjà.

Ẹ wo bí ó ti pọ̀ tó. Nígbà tí ogun Crimea, láti 1853 sí 1856, dí ọ̀rá màlúù Rọ́ṣíà lọ́wọ́ láti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó epo pupa lọ sókè, ó sì ju £40 lọ fún tọ́ọ̀nù kan. Ní òpin àwọn ọdún 1880 ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí £20. Ká sọ pé oníṣòwò kan bá olùtà dúnàádúrà bí ẹni pé 300 gálọ́ọ̀nù ni tọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n tí òṣùwọ̀n tí ó fi ń gba epo jẹ́ gálọ́ọ̀nù òfin. Lórí 1,000 gálọ́ọ̀nù, tọ́ọ̀nù 0.77 ni yóò wọlé fún un láìsan owó rẹ̀. Ní £40, èyí lé ní £30. Ní £20, ó tó £15. A kò sọ pé gbogbo ilé òwò ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. A ń sọ pé àyè rẹ̀ wà, àti pé ìwé ìṣirò ilé òwò nìkan ni ó lè fi hàn wá bí wọ́n bá lò ó tàbí wọn kò lò ó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní àǹfààní láti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe da iye owó nìkan kọ. Kí ó wo ẹ̀gbẹ́ ìwé, níbi tí wọ́n ti ń pín gálọ́ọ̀nù, kí ó sì kọ iye tí wọ́n fi pín in sílẹ̀.

Ó yẹ kí a fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọtí tí ó ń wọlé wé èyí. Gálọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń wọn ọtí òyìnbó pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn ìjọba kò gba òṣùwọ̀n gbọ́ lórí rẹ̀. Láti 1816 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi ohun èlò Sikes lé àwọn agbowó-orí lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù idẹ ọlọ́pàá tóóró kan tí ń léfòó nínú ọtí. Ọtí líle fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà ohun èlò náà a rì jinlẹ̀ sí i bí ọtí bá ti le tó. Nígbà tí àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù pàdé ní Brussels ní 1890, tí wọ́n ń ṣòfin lórí ọtí tí ń wọ Áfíríkà, owó ibodè tí wọ́n dá, fáráǹsì 15 fún 100 lítà ó kéré tán, so mọ́ ọtí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 50 nínú 100. A kò lè mọ agbára bẹ́ẹ̀ láìmọ ìwúwo-òṣùwọ̀n rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò pamọ́: owó ibodè lórí ọtí ni ó ń gbọ́ bùkátà ìjọba Èkó jùlọ, ẹni tí ó bá sì fi omi là á ti gbọ́n owó ìjọba dànù. Epo tí ń jáde kò mú irú owó bẹ́ẹ̀ wá sí àpò ìjọba. Ìmọ̀ náà wà ní èbúté kan náà, lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kan náà. Ohun tí ó sọ ibi tí a óò ti lò ó ni ẹni tí yóò pàdánù bí a kò bá lò ó.

6. Bí a ṣe lè kọ ọ́

Nínú iṣẹ́ tí a ń ṣe lọ́wọ́ lórí òwò Èkó, a ti fi òfin díẹ̀ de ara wa. Iye tí ó wà nínú ìwé ìpìlẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ kọ, ní òṣùwọ̀n tí ó wà nínú ìwé náà, láìfọwọ́ kàn án. Bí ó bá di dandan kí a yí i padà, a ń sọ irú gálọ́ọ̀nù tí a kà á sí àti iye pọ́ùn tí a fún gálọ́ọ̀nù kan, kí ẹlòmíràn lè tú u palẹ̀ bí ó bá rí ẹ̀rí tí ó dára ju tiwa lọ. Fún ìwé ìjọba Èkó lẹ́yìn 1861, 9.1 pọ́ùn ni a ń lò, nítorí pé Èkó ni a ti wọn epo náà, kì í ṣe Liverpool. Èyí fún wa ní nǹkan bí 246 gálọ́ọ̀nù sí tọ́ọ̀nù. A kì í kọ tọ́ọ̀nù tí a bá ti ipa báyìí rí dé orí ẹyọ kan, nítorí pé ooru ọjọ́ kan péré tó láti pa ẹyọ náà rẹ́.

Ti Àjàṣẹ́ rọrùn sí i. Níbẹ̀, kílò àti lítà ni àwọn Faransé fi ń kọ ti wọn, tọ́ọ̀nù 1,000 kílò sì fi ìdá kan àti ààbọ̀ péré nínú 100 kéré sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá ń wá epo Yorùbá tí ó gba Àjàṣẹ́ jáde dípò Èkó kò ní ṣìnà púpọ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà yìí kan náà ni Nàìjíríà gbà ní àwọn ọdún 1970 nígbà tí ó yí sí lítà àti kílò, bẹ́ẹ̀ ni òṣùwọ̀n àti ìwọ̀n kò tíì di ọ̀kan lọ́jà wa: kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ni a fi ń ta epo lónìí, tọ́ọ̀nù ni àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń rà á, ẹni tí ó bá sì ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ooru ilẹ̀ wa yóò rí i pé kẹ́ẹ̀gì 44 ni ó súnmọ́ tọ́ọ̀nù kan jùlọ.

Èkùrọ́ ni a kò fọwọ́ kàn rárá, bẹ́ẹ̀ ó di igi lẹ́yìn ọgbà fún òwò Èkó láti àwọn ọdún 1860, nígbà tí àwọn ará Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Búṣẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí ń pa á, búṣẹ́ẹ̀lì kan sì jẹ́ gálọ́ọ̀nù mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n èkùrọ́ kì í ṣe ohun olómi. Afẹ́fẹ́ wà láàárín ẹyọ kan àti èkejì, ẹni tí ó bá sì gbo òṣùwọ̀n jìgìjìgì yóò rí àyè fún ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan sí i. Ìwúwo-òṣùwọ̀n tirẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó di òṣùwọ̀n mú, ọ̀nà tí a gbà ṣe ti epo kò sì lè gbé wa dé ibẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, a sì ní i lọ́kàn láti gbé e wá síwájú ìpàdé yìí ní sáà tí ń bọ̀.